Róòlù Kẹrìnlá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ya fọ́tò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé kámẹ́rà sókè, ẹ̀gbọ́n mi á ti rántí ohun kan tó gbàgbé sí kíṣìnnì. Bẹ́ẹ̀, ìdí fọ́tò ni èmi àbúrò rẹ̀ ti ń jẹun. Kì í ṣe pé mò ń ya á o. Ṣé ẹ mọ fọ́tò ojú-ẹsẹ̀, irú èyí tí kámẹ́rà máa ń tu jáde lẹ́nu, tí ẹ ó dì í mú lọ́wọ́ tí ojú èèyàn á máa yọ díẹ̀díẹ̀? Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara tó bo àwòrán yẹn lójú, ilé iṣẹ́ wa ló ń ṣe é. Róòlù róòlù la fi ń ṣe é, a ó sì kó o ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ọdún méjìlélógún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì àyẹ̀wò. Kò sí róòlù tó jáde ní ilé iṣẹ́ yẹn láìkọjá níwájú mi.

Ojú-kì-í-fò-ó ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Mi ò bínú sí i. Bí irun ìpéǹpéjú kan bá bọ́ sára ike, màá rí i. Bí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù bá sín nítòsí ẹ̀rọ, màá rí i lára ike, màá sì lọ bá a níbi tó wà, màá fún un ní tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọkọ tí mi ò ní, pé àbàwọ́n ni mo ń wá lára àwọn tó ń fẹ́ mi títí gbogbo wọn fi gbéra lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́.

Ẹni tí kò mọṣẹ́ wa á rò pé bí ike bá ṣe mọ́ tó náà ló ṣe dára tó. Irọ́ ni. Ike tó bá mọ́ jù, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé ní gbàrà tí fọ́tò bá yọrí jáde lẹ́nu kámẹ́rà, á máa sáré lọ nínú ike bí omi ṣe ń sáré nínú páìpù, títí á fi dé ibi tí àwòrán tí kò tíì jinná wà. Gbogbo ibi tó bá dé á di funfun báláú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bu lẹ́búlẹ́bú dúdú sínú ike nígbà tó bá ń yọ́ lọ́wọ́. Kò pọ̀ rárá. Èyí tó máa kún ìdérí igò ló ń lọ sínú odindi àgbá. Tí ẹ bá wo ike náà lójú, ẹ ò ní í mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó rìn jìnnà.

Bí èmi ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Màá gé pelebe méjìlá lára róòlù, màá tò wọ́n léra bí ìwé, màá gbé wọn sójú fèrèsé, màá wá wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Tí ẹ̀gbẹ́ náà bá rí bí eérú, róòlù ti yege. Tó bá funfun bí omi yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mi ò lò lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí tẹlifóònù tó wà ní géètì. Ẹ̀gbọ́n mi kì í pe ibi iṣẹ́, nítorí náà mo sáré lọ gbé e sétí. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní àwọn máa gé egungun àgbọ̀n mi lápá ọ̀tún." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Mo ní ṣé kò sí oògùn tí wọ́n lè lò sí i. Ó ní òun ti bi wọ́n. Mo ní ṣé ẹ̀gbọ́n mi á ṣì lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá là á. Ó wá ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi kí ọ̀gá má bàa bá mi wí.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, òun wà lọ́mọ mọ́kàndínlógún, ó sì kọ ọkùnrin tó fẹ́ mú un lọ sí òkèèrè torí pé ọkùnrin náà kò fẹ́ gbọ́ nípa mi. Kò sọ ọ́ fún mi rí. Ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ.

Mo padà sídìí tábìlì. Róòlù kẹrìnlá ló wà níwájú mi, ike náà lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Ọ̀gá pàápàá wá, ó ní, "Ìyá, èyí ló mọ́ jù tí a tíì ṣe." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mú báírò, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú rẹ̀ dára. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "ẹ̀gbẹ́" sí, mo tún kọ "mo wò ó, ó dára." Mi ò gé pelebe kankan. Mo kàn fẹ́ kí ọjọ́ yẹn parí ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tí mi ò retí fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò.

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi náà. Mo fẹ́ kí ojú mi kù síbì kan kí wọ́n tó tún un ṣe. Mi ò sì fẹ́ irú èyí tí wọ́n á ní kí n padà wá gbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ wò ó kí n tó wọlé."

Inú mi dùn pé mo rí nǹkan kan ṣe fún un. Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń fi páálí fíìmù díẹ̀ ránṣẹ́ padà sí wa bí wọ́n bá ti lo ike wa tuntun, wọ́n á sì pín in fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi wà nínú àpò mi láti àárọ̀. Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ akọ̀wé wa, mo ki páálí náà sínú rẹ̀, mo fi ṣọwọ́ sí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí lọ́jọ́ kejì, pé màá dé láago kan, wákàtí kan kí wọ́n tó gbé e wọlé. Fọ́tò mẹ́jọ ló wà nínú páálí kan.

Lọ́jọ́ kejì náà, ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá ààbọ̀ nígbà tí Sùúrù wá bá mi. Sùúrù ni ẹni tó ń po ike, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé ilé lè máa jó kó máa wá bàtà rẹ̀. Ó gbé ẹ̀wù iṣẹ́ kan tí apá rẹ̀ ti ya lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan. Ẹ̀wù yìí ti wà lórí ìṣó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí n gbé e lọ rán ni mo bá èyí nínú àpò rẹ̀."

Ìwé tí wọ́n fi ń di lẹ́búlẹ́bú ni. Wọn ò tíì tú u. Nọ́ńbà róòlù kẹrìnlá ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

"Ọjọ́ tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ já ni," ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo ní kí n kọ́kọ́ fi sápò kí n lọ bá wọn fà á. Apá ẹ̀wù mi ya níbẹ̀, mo bọ́ ọ, mo wọ òmíràn. Mọ́mì, mo rò pé mo ti bù ú sí i."

Mo máa ń fi àgékù róòlù kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Mo fa ti kẹrìnlá yọ, mo gé méjìlá, mo gbé e sójú fèrèsé. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó rí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun bí omi yìnyín.

Sùúrù ní, "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà."

Mo pa dúrọ́ọ̀ dé. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni kámẹ́rà tó wà ní yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò wo nọ́ńbà tó wà nídìí páálí, ṣùgbọ́n róòlù kẹrìnlá nìkan ni wọ́n tíì lò nínú àwọn tuntun. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí bóyá páálí ti tẹ́lẹ̀ ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó ní in. Mo di pelebe méjìlá náà sínú àpò mi, mo fi méjìlá ti róòlù mìíràn tó dára kún un, mo sì jáde láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń sọ fún ara mi pé kò tíì bọ́. Aago kan ni mo dá fún wọn. Tí mo bá tètè dé, a lè yà á nínú òkùnkùn, kí iná kámẹ́rà nìkan tàn, kí fọ́tò jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò sí, kò sí ohun tó máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo ń ka ibùdókọ̀. Dẹ́rẹ́bà yẹn ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí itan. Mo sọ fún un pé kó jọ̀ọ́ kó tẹ iná, ó ní kí n wá wà á. Mo padà sídìí kíka ibùdókọ̀.

Nọ́ọ̀sì náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọge kúkúrú kan ni, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Bí mo ṣe rí ojú rẹ̀ ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n. Wọ́n ní oòrùn ojú fèrèsé dára. Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́, mo ní kí n tún un yà. Mo tún un yà, mo tún un yà. Ní báyìí wọ́n ní àwọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó to fọ́tò méje sórí ìbora níwájú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nínú gbogbo wọn, iwájú orí rẹ̀ hàn, ojú rẹ̀ hàn, imú rẹ̀ hàn. Láti ìsàlẹ̀ ni funfun yẹn ti gòkè wá, ó gba ọrùn, ó gba gbogbo àgbọ̀n, ó dúró sí abẹ́ imú. Nínú òmíràn ó ti gbé ẹnu lọ. Mo ti rí irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ojú èèyàn mi nínú èyí tí wọ́n fi kọ́ mi.

"Jókòó," ó ní. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní kámẹ́rà ni. Ìgbà kẹta, mo ní ọwọ́ ọmọ yìí ló ń gbọ̀n. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, mo ní èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Ibi tí wọ́n fẹ́ gé gan-an ló ń parẹ́, Àbúrò. Tí mo bá wọlé síbẹ̀, mi ò ní í jáde. Mo ti ní kí wọ́n bá mi kó aṣọ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ike ni. Ike ilé iṣẹ́ wa ló bàjẹ́. Èmi ni mo jẹ́ kó kọjá."

Ó wò mí. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú torí pé ó ń dùn ún.

"Ìwọ? Ìwọ tó ń padà sílé torí pé o rò pé gíláàsì kan dojú kọ ibi tí kò yẹ? Má tàn mí. Mo mọ bí o ṣe ń parọ́ láti kékeré, etí rẹ ló máa ń pọ́n."

"Ẹ wò ó." Mo tú àpò mi. Mo gbé méjìlá tó funfun sọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbé méjìlá tó rí bí eérú sọ́wọ́ òsì, mo fi hàn án lójú fèrèsé. Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé, mo ń sọ̀rọ̀ lọ wàràwàrà. Nọ́ọ̀sì ló ń mi orí pé òótọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ike lo fi ń hàn mí," ó ní. "Kí ni mo mọ̀ nípa ike? Tí n bá wà nípò rẹ, èmi náà á wá irọ́ tó dáa pa."

Dókítà wọlé. Ọkùnrin àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ìwé tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mi ò lè fi tipá gé yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá tíì fọwọ́ sí i nígbà tí aago kan ààbọ̀ bá lù, ẹlòmíì ni a máa gbé wọlé, àyè tó tún ṣí sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Jẹjẹrẹ yìí sún mọ́ ọrùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò rò pé nǹkan kan máa kù tí mo lè gé." Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó jáde. Aago ara ògiri ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kó lù.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní í purọ́ fún yín, ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn kò bà mí rí. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi, mo pe gbogbo orúkọ tí ìyá wa ń pè é. Ó ń fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ní kí n má sunkún, pé gbogbo wa la máa lọ. Ìtùnú yẹn ló mú inú bí mi. Èmi ni mo ṣe é, òun ló ń tù mí nínú.

Mo dìde. Mo bi nọ́ọ̀sì níbi tí tẹlifóònù wọn wà. Ó ní ó wà ní yàrá tó kángun sí èyí. Mo ní kó bá mi gbé àga oníkẹ̀kẹ́ wá.

"Níbo lò ń gbé mi lọ?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Ẹ wá gbọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá fẹ́ lọ sílé, èmi fúnra mi ni mo máa gbé ẹrù yín."

Nígbà tí a tì í dé ìdí tẹlifóònù, mo pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀gá. Mo wá yí etí tẹlifóònù náà díẹ̀, mo tẹ̀ ba sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kí àwa méjèèjì lè jọ gbọ́ ọ. Ọ̀gá wa, ẹni tó bá wà ní yàrá kejì gan-an máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìyá, níbo lẹ wà? Wọ́n ní ẹ kàn jáde ni."

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ róòlù kẹrìnlá ni. Kò sí lẹ́búlẹ́bú nínú rẹ̀. Gbogbo fíìmù tí wọ́n bá fi ṣe ló máa bàjẹ́. Ẹ bá mi pe àwọn tó ń ṣe fíìmù kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì gba èyí tó ti jáde padà."

Mo gbọ́ bí ó ṣe ń ṣí ìwé.

"Ìwé nìyí níwájú mi. Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ yín nìyí."

"Mi ò wò ó."

"Ẹ ò wò ó báwo? Ṣé ẹ wò ó tí ẹ ò rí i ni, àbí kí lẹ ń sọ?"

Ó fún mi ní ọ̀nà àbáyọ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀. Arúgbó ojú lè ṣi nǹkan rí. Wọn ò ní í lé ẹni tí ojú rẹ̀ ṣi í. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ojú sókè, ó ń wò mí.

"Mi ò gé e rárá, Ọ̀gá. Mo parọ́ sínú ìwé. Mo kọ ọ́ pé mo wò ó, mi ò sì wò ó."

"Ta ló po ike lọ́jọ́ náà?"

"Ẹni tó gbàgbé lè gbàgbé, ìdí tí ẹ fi gbé èmi sídìí tábìlì yẹn nìyẹn. Èmi ni kí ẹ mú."

Ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn kò gùn. Ó ní àwọn tó ń ra ike wa lè tìtorí èyí kọ̀ wá sílẹ̀, pé igba èèyàn ló ń jẹun níbẹ̀. Ó ní òun ti fi mí yangàn fún wọn. Ó ní kí n má wulẹ̀ padà wá sídìí tábìlì yẹn mọ́, pé wọ́n máa kó ẹrù mi sí géètì. Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́ nígbà tó ń sọ èyí tó kẹ́yìn. Mo ní mo dúpẹ́. Kí ni mo ń dúpẹ́ fún, mi ò mọ̀. Mo gbé e kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀.

"Ọdún mélòó lo ti lò níbẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè, bí ẹni pé kò mọ̀.

"Méjìlélógún."

"Kí ló dé tí o ò wò ó lọ́jọ́ yẹn?"

Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ó tún un béèrè, pẹ̀lú ohùn tó fi ń béèrè ẹni tó jẹ ẹran inú ìkòkò nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Ọjọ́ tí ẹ pè mí sí géètì ni."

Ó gbé ojú kúrò lára mi. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀gbẹ́ àga náà, ó ń pa á lọ, ó ń pa á bọ̀. Aago ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú kí n fi fọwọ́ sí ìwé náà. Mo dúró.

"Kò sí ẹni tó máa ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ báyìí torí kó lè tan arúgbó," ó sọ nígbẹ̀yìn, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó wá kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Bá mi mú ìwé yẹn wá. Kí o sì mú báírò tó ń kọ dáadáa, mi ò fẹ́ èyí tí mo máa máa gbọ̀n."

Dókítà gba ìwé náà, ó wo ibi tó fọwọ́ sí, ó ní àwọn máa wá gbé e láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó dúró ná, pé fọ́tò kan ṣẹ́ kù nínú kámẹ́rà. Dókítà wo aago. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ilé ìwẹ̀ wọn kò ní fèrèsé. A ti àga oníkẹ̀kẹ́ wọ ibẹ̀, nọ́ọ̀sì dì mọ́ ògiri pẹ̀lú kámẹ́rà, mo sì ń fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ náà, wá síbí."

"Ojú yín lẹ ní ẹ fẹ́ kó kù."

"Kí n dá nìkan wà níbẹ̀ kí n máa ṣe kí ni? Wá síbí, jàre."

Mo pa iná. Òkùnkùn ṣú bò wá. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan tirẹ̀, èyí tí kò dùn ún. Ó gbóná, ó sì ń gbọ̀n, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé láti àárọ̀ lẹ̀rù ti ń ba òun náà. Iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì. Mo gbọ́ bí fọ́tò ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo na ọwọ́ nínú òkùnkùn, mo gbà á, mo kì í sínú ẹ̀wù mi, a wá jókòó síbẹ̀ kí àwòrán lè jinná, mo ń ka ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan sókè dé ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo fo igba ó lé méje. Mi ò fò ó.

Nígbà tí a tan iná, ojú wa méjèèjì ló wà níbẹ̀ láìkù síbì kan. Ó wò ó pẹ́.

"Mo ti gbó tó báyìí, kò sí ẹni tó sọ fún mi," ó ní. Ó dá a padà sọ́wọ́ mi. Wọ́n sì gbé e lọ.

Wákàtí méje ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ń dìde ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ẹlòmíì ló máa ń jẹ́. Mo ro ti àwọn tí fíìmù wa ti dé ọwọ́ wọn káàkiri, bóyá ẹnì kan náà ń to fọ́tò sórí ìbora níbì kan tí kò sì sí ẹni tó máa ṣàlàyé fún un. Èrò yẹn kò tíì fi mí sílẹ̀ dòní. Nígbà tí dókítà jáde, ó jókòó tì mí kó tó sọ̀rọ̀, mo rò pé ó ti tán. Ó ní wọ́n rí i gé tán. Ó ní ó máa pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, pé bóyá ọ̀rọ̀ náà kò sì ní í já geere mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ti fi báńdéèjì we gbogbo ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, ojú méjèèjì àti imú nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo kí i. Kò lè dáhùn. Ó na ọwọ́ sí ìwé tí nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gba báírò, ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, mo sì dúró dè é. Ó yí i sí mi.

*Ṣé wọ́n lé ẹ lóòótọ́?*

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti lọ kó ẹrù mi ní géètì láàárọ̀.

Lẹ́yìn náà ó rọra sún, ó pẹ́ kó tó sún tán pẹ̀lú gbogbo okùn tí wọ́n so mọ́ ọn, ó wá fi ọwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo bọ́ bàtà mi, mo gun orí rẹ̀, mo sùn tì í.